Ṣé ẹsẹ̀ oníbàárà lẹ ń kà ni, àbí owó ọwọ́ ẹ̀?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá ẹjọ́ kékeré kan. Oníbàárà méjì lẹ ní. Ẹni àkọ́kọ́ ń wá lójoojúmọ́, òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, àmọ́ ọjà tó ń rà kì í ju ti ẹgbẹ̀rún méjì náírà lọ. Ẹnì kejì kì í wá ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lọ́dún, àmọ́ lọ́jọ́ tó bá yọjú, mọ́tò ló máa fi ń kó ọjà lọ. Ọdún wáá parí, ẹ̀bùn kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀. Ta lẹ máa fún?

Ẹ má tí ì dáhùn o. Mo gbé ìbéèrè yìí kalẹ̀ láàárín àwọn ìyá ọlọ́jà kan ní Kétu, díẹ̀ ló kù kó dìjà. Ọ̀kan ní, "Ẹsẹ̀ là ń kà. Ẹni tó ń wá ló mọ̀ mí." Èkejì ní irọ́ ni. Ó ní, "Ẹsẹ̀ kì í san owó ilé ìwé ọmọ, owó ló ń san án." Níbi tí wọ́n ti ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju ti ọjà Kétu lọ, torí òun kan náà ló fẹ́ẹ́ sọ ẹ̀gbọ́n mi di oníjà lórí omi.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí, obìnrin ni, nọ́ọ̀sì ni ní London, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó pé ẹni àádọ́ta ọdún, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan dáwó jọ, wọ́n wọkọ̀ ojú omi, wọ́n lọ gbafẹ́. Kì í ṣe irú ọkọ̀ tó ń kó kọ̀ǹténà wá sí Àpápá là ń sọ o. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá tó ń rìn lórí omi ni. Yàrá wà níbẹ̀, ilé ijó wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́ gan-an wà nínú ọkọ̀ tó wà lórí omi! Ẹ ó ti sanwó yàrá àti oúnjẹ kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́, àmọ́ ọtí, fọ́tò, àwọn tó ń bá èèyàn wọ́ra, àti mọ́tò tó ń gbé èèyàn wo ìlú tí ọkọ̀ bá dúró sí, owó ọ̀tọ̀ ni. Wọn kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Káàdì tí wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn yàrá náà lẹ ó máa nà sí wọn, wọ́n á fi kan ẹ̀rọ, ó parí nìyẹn. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n á ṣírò gbogbo ohun tẹ́ ẹ jẹ pa pọ̀.

Àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ yìí ní ẹgbẹ́ oníbàárà. Ẹni tó bá ti wọkọ̀ wọn rí, wọ́n á máa kó póíǹtì jọ fún un. Bí póíǹtì yẹn bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ipò ẹ̀ á máa ga. Wọ́n á fún un lọ́tí ọ̀fẹ́, wọ́n á bá a fọ aṣọ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á ní kó kọ́kọ́ wọlé káwọn tó wà lórí ìlà tó wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé bóun ṣe ń náwó nínú ọkọ̀ yẹn ni póíǹtì òun á máa gòkè. Ó sì ná an dáadáa. Ìjẹ̀bú ni wá, ẹ̀yin náà mọ bá a ṣe ń ṣe níbi àríyá. Ìgbà tó délé tó wo póíǹtì ẹ̀, alẹ́ méje tó sùn nìkan ni wọ́n kà fún un. Obìnrin tí yàrá ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀, tó jẹ́ pé omi lásán ló mu láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ keje, iye póíǹtì kan náà ni wọ́n jọ gbà. Ló bá pè mí lórí fóònù láàárín òru: "Àbúrò mi, ṣé o rí ayé? Wọ́n gba owó mi, wọn ò kà á!"

Èmi tí mo kọ́ṣẹ́ ìròyìn ní Poli, tí wọ́n bá ti bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àfi kí n tú u wò. Mo tú u, mo rí i pé ìṣirò àwọn ọlọ́kọ̀ yìí ò dọ́gba rárá. Alẹ́ tí èèyàn bá sùn ni Royal Caribbean ń kà, alẹ́ kan, póíǹtì kan. Ẹni tó bá gba yàrá olówó ńlá á gba méjì, àmọ́ ọtí tó mu ò kàn wọ́n. Ọjọ́ ni Holland America, tó ti wà láti ọdún 1873, ń kà, àmọ́ tí èèyàn bá ti ná 300 dọ́là nínú ọkọ̀, wọ́n á ka ìyẹn náà sí ọjọ́ kan lé e. MSC náà máa ń ka owó táwọn èrò bá ná nínú ọkọ̀ mọ́ póíǹtì wọn. Carnival ní tiẹ̀ ti ń ka ọjọ́ bọ̀ tipẹ́, kó tó di pé wọ́n kéde lọ́dún 2025 pé láti oṣù Kẹfà ọdún 2026, owó làwọn á máa kà. Ariwo táwọn oníbàárà àtijọ́ pa ò kéré. Àwọn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sùn sínú ọkọ̀ yẹn, tí wọ́n ti gun àtẹ̀gùn débi tó ga, ni wọ́n wáá sọ fún pé àtẹ̀gùn mí-ìn ni wọ́n fẹ́ẹ́ gbé wá.

Àwọn ọlọ́kọ̀ òfuurufú ti gba ọ̀nà yẹn ṣáájú wọn. Lọ́dún 1981 tí American Airlines bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀, bí ọ̀nà tí èèyàn fò ṣe jìn tó ni wọ́n ń kà. Nígbà tó di ọdún 2015, Delta àti United yí tiwọn padà, iye tí èèyàn fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń wò. Ẹ ò rí i pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ owó ni wọ́n ń lọ.

Àwọn bàbá wa tó wọ Aureol lọ sílùú òyìnbó ò mọ nǹkan kan tó ń jẹ́ póíǹtì. Láti 1951 títí di 1974 ni ọkọ̀ Elder Dempster yẹn fi ń ná Èkó sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń bá lọ, tí wọ́n bá sì ti lọ, ó di ọdún mélòó kan kí wọ́n tó padà. Ta ló máa ka ẹsẹ̀ fún wọn?

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Láàárín òru làwọn tírélà tó kó tòmáàtì, tàtàṣé àti àlùbọ́sà láti òkè ọya ń wọ Mile 12. Kílẹ̀ tó mọ́, àwọn aláàárù ti ń sáré, àwọn ọlọ́mọlanke ń pariwo pé kí wọ́n fún àwọn lọ́nà. Àwọn dìlálì tó ń bá ọlọ́jà tà á ń gba láádá tiwọn lórí apẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá wa láti Kétu, Ìkòsì, Alápẹ̀rẹ̀ títí dé Ìkòròdú ti dúró. Kò sí káàdì níbẹ̀, kò sí ẹ̀rọ kankan, àmọ́ ìṣirò oníbàárà ń lọ.

Àkọ́kọ́ ni èènì. Èènì kì í ka àná. Ohun tẹ́ ẹ rà lónìí ló ń wò, àti bí ẹnu yín bá ṣe dùn tó. Ẹ ra gàárì kóńgò mẹ́ta, wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, ó tán. Ẹni tí wọn ò rí rí gan-an ń gba èènì. Ìkejì ni jíjẹ́ oníbàárà, ìyẹn ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kà. Tẹ́ ẹ bá ti di oníbàárà, wọn ò ní í kó èyí tó ti rà sí ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ fún yín, wọ́n á sì sọ fún yín lóòótọ́ pé, "Ọjà tòní ò dáa, ẹ jẹ́ kó di ọ̀la." Ìkẹta ni ẹ̀bùn ìparí ọdún. Ibẹ̀ ni wàhálà wà, torí ibẹ̀ ni owó ti ń bá ẹsẹ̀ du ipò.

Ìyá tó bí mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ogún ọdún nídìí ata ní Kétu. Ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́jà kan ní Mile 12 ni wọ́n ti máa ń kó ọjà, mi ò ní í dárúkọ ẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ tòmáàtì kan, ààbọ̀ àpò ata rodo, ó parí. Tọ́jà ò bá yá, àwọn àti ẹlòmí-ìn á jọ pín apẹ̀rẹ̀ kan sí méjì. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2022, ìyá ọlọ́jà pín ẹ̀bùn. Ó fún ọkùnrin kan tó máa ń se oúnjẹ fún òde àríyá ní odidi àpò ìrẹsì. Ọdún Àjíǹde ọdún yẹn lọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá o. Ó wáá fún ìyá mi ní abọ́ oníke kan tó ní ìdérí. Màmá gbé e wálé, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí gbogbo wa á ti máa rí i. Nígbà tí mo béèrè, wọ́n ní, "Ogún ọdún rèé o. Ó ní ìdérí."

Ká má parọ́, ìyá ọlọ́jà náà rí nǹkan wí. Tòmáàtì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tí tírélà bá ti já a sílẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ ló ní kó tó domi. Ẹni tó bá kó ogún apẹ̀rẹ̀ lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan ti gba ọlọ́jà lọ́wọ́ àdánù. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà lóòótọ́, àmọ́ tòmáàtì ò ní sùúrù ẹlẹ́dẹ̀. Tí wọ́n bá fún ọlọ́jà púpọ̀ ní ìrẹsì, kò sẹ́ni tó lè bú wọn.

Àmọ́ ọdún tuntun ò tí ì lọ jìnnà tí nǹkan fi yí. Ẹ rántí oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí owó náírà dàwátì. Wọ́n ti gba owó àtijọ́ lọ́wọ́ aráàlú, tuntun ò sì kárí. Láti ìdájí làwọn èèyàn ti ń tò sí ẹnu ọ̀nà báńkì, owó ni wọ́n fi ń ra owó lọ́dọ̀ àwọn oní POS. Kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó dájọ́ lọ́jọ́ kẹta oṣù Kẹta pé owó àtijọ́ ṣì ṣeé ná títí dìparí ọdún yẹn, ojú ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ti rí nǹkan. Tòmáàtì wà nílẹ̀, ebi ń pa aráàlú, owó tí wọ́n máa fi rà á ni kò sí. Ọkùnrin olóúnjẹ òde àríyá ò yọjú mọ́. Ta ló ń wá láràárọ̀? Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ni, ìyá mi sì wà nínú wọn.

Ìyá ọlọ́jà wo ojú Màmá, ó wo ẹrù tó fẹ́ẹ́ jẹrà, ó ní, "Ìyá, ẹ máa kó o lọ. Tẹ́ ẹ bá ti rí owó, kẹ́ ẹ mú un wá." Kò gba ìwé, kò gba ẹ̀rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Màmá fi ń kó ọjà láwìn, wọ́n ń kọ iye ẹ̀ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Àwọn náà ń tà láwìn fáwọn ará àdúgbò tí wọ́n mọ̀. Nígbà tówó padà jáde, wọ́n san gbogbo ẹ̀, kọ́bọ̀ ò dín. Lójú tèmi, àwìn yẹn ni póíǹtì ogún ọdún. Ó gba ìyá mi lọ́wọ́ ìjókòó ilé, ó sì gba ọjà ìyá ọlọ́jà lọ́wọ́ àkìtàn. Ta ló lè fún ẹni tó mọ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án lẹ́rù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìgba kọ́bọ̀?

Kì í sì í ṣe ìgbà yẹn nìkan. Lọ́dún 2016 tí kòkòrò tí wọ́n sọ ní "Ebola tòmáàtì" jẹ oko run ní Kaduna, tí apẹ̀rẹ̀ kan di ohun tówó ò fẹ́ẹ́ ká mọ́, àti lọ́dún 2021, lẹ́yìn rògbòdìyàn Ṣáṣá ní Ìbàdàn, táwọn oníṣòwò òkè ọya dá ọkọ̀ oúnjẹ dúró, ojú lọlọ́jà ń wò kó tó tà. Ọjọ́ tọ́jà bá wọ́n là ń mọ oníbàárà.

Ohun tó wáá dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìṣirò táwọn èèyàn ò mọ̀ ló ń dá ìjà sílẹ̀. Kì í ṣe póíǹtì ló bí ẹ̀gbọ́n mi nínú, ohun tó bí i nínú ni pé ó ti náwó tán kó tó mọ ohun tí wọ́n ń kà. Kì í ṣe ìrẹsì ló dun ìyá mi. Wọ́n rò pé wọ́n ń ka ẹsẹ̀ wọn ni, àṣé owó ni wọ́n ń kà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ máa kọ iye tí oníbàárà rà, kẹ́ ẹ sì máa kọ ọjọ́ tó wá. Tí oṣù Kejìlá bá dé, kẹ́ ẹ ya ẹ̀bùn sọ́tọ̀ fówó, kẹ́ ẹ ya tí ẹsẹ̀ náà sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ síta látìbẹ̀rẹ̀ ọdún pé bó ṣe rí nìyí. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹni tó ń kó ogún apẹ̀rẹ̀ àtẹni tó ń pín apẹ̀rẹ̀ kan sí méjì, àwọn méjèèjì ló ń gbé ọjà ró.

Ẹ̀yin oníbàárà náà, ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó náwó: "Kí lẹ ń kà?" Ẹ má sì torí ẹ̀bùn ra ohun tẹ́ ẹ ò nílò. Àwa tá a dàgbà nígbà tí wọ́n ń ṣí ìdérí ọtí ẹlẹ́rìndòdò wò láti fi jẹ ẹ̀bùn mọ iye tá a mu tí inú fi ń run wá. Lónìí, bónọ́ọ̀sì orí fóònù ló kù, tó jẹ́ pé kẹ́ ẹ tó pe èèyàn méjì, àkókò ẹ̀ ti kọjá. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ lọ ná 300 dọ́là tìtorí kí wọ́n lè ka ọjọ́ kan lé tiẹ̀, ẹ bá mi bi í pé ta ló jèrè.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ní òun ṣì máa wọkọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, àmọ́ omi lòun náà máa mu lọ́tẹ̀ yìí. Màmá ṣì ń kó ọjà níbi tí wọ́n ti ń kó o. Abọ́ oníke wà níbi tó wà, kàlẹ́ńdà ọdún 2023 náà wà lára ògiri, wọn ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni já a sọnù. Ẹ kú ọjà o. Ajé á wọ igbá.