Aṣọ Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Rán

Ẹ̀yin abiyamọ ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn àgbà a máa wí pé kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ kan ní òkè òkun ni ó tó yé mi. Ìtàn náà kò dùn ún sọ fún ẹni tí ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní ìmọ̀ ìtọ́jú ilé, síbẹ̀ mo gbàgbọ́ pé yóò ṣe yín ní àǹfààní.

Ní ọdún 2018, èmi àti ọkọ mi pẹ̀lú àwọn ọmọ wa méjèèjì ń gbé ní ìlú Des Moines, ní ìpínlẹ̀ Iowa, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí ọkọ mi ti ń kàwé. Àkànní jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Àbẹ̀kẹ́ ṣì wà ní ẹ̀yìn mi. Nígbà tí ìgbà ìwọ́wé dé, tí ewé igi ń pọ́n tí ó sì ń já bọ́, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí dùn mí gidigidi. Kò sì yani lẹ́nu: ọmọ ń bẹ ní ẹ̀yìn, ẹrù ọjà ń bẹ ní ọwọ́, a sì gbọ́dọ̀ máa kó ewé iwájú ilé jọ.

Aládùúgbò wa kan mú mi lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn tí wọ́n ń pè ní oníṣègùn kairopírátíkì. Iṣẹ́ wọn ni láti fi ọwọ́ tẹ eegun ẹ̀yìn àti àwọn oríkèé ara kí ìrora lè dín kù. Ní ìpínlẹ̀ Iowa yìí gan-an ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Daniel David Palmer dá a sílẹ̀ ní ìlú Davenport ní ọdún 1895. N kò sọ pé wọ́n lè wo gbogbo àrùn o. Ẹni tí ìrora ẹ̀yìn rẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀, tí ẹsẹ̀ náà kò sì ní agbára mọ́, ilé ìwòsàn ńlá ni kí ó tètè lọ. Ní tèmi, ìmọ̀ràn tí wọ́n fún mi nípa bí a ti ń gbé ẹrù ni ó ràn mí lọ́wọ́ jù lọ.

Bí mo ti ń jáde, wọ́n fún mi ní ìwé ìròyìn wọn ti ìgbà ìwọ́wé. Ojú ewé kìn-ín-ní wà fún ẹni tí ń kó ewé jọ: kí ó má ṣe lọ́ ìbàdí, kí ó máa gbé ẹsẹ̀ bí ó bá fẹ́ yí padà, kí ó sì tẹ orúnkún bí ó bá fẹ́ gbé ẹrù. Èkejì sọ nípa àpò ìwé ọmọdé: kí ó má ṣe wúwo ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ọmọ náà lọ, kí okùn rẹ̀ méjèèjì sì wà ní èjìká. Ọmọ tí ó bá wọn kílò 20 kò gbọdọ̀ gbé ju kílò 2 lọ. Mo ka ìwọ̀nyí délẹ̀délẹ̀, nítorí ẹ̀yìn ara mi ni ó ń dùn mí. Ojú ewé ìkẹyìn sọ nípa ọdún Halloween, àti bí àwọn ọmọ ṣe lè jáde ní alẹ́ ọjọ́ náà láìséwu. Mo ṣẹ́ ìwé náà po, mo sì fi í sínú àpò.

Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ni wọ́n máa ń ṣe ọdún yìí. Àwọn ọmọdé a wọ aṣọ àrà, wọn a bo ojú, wọn a sì máa lọ láti ilé dé ilé láti gba súìtì. Àwọn onílé a gbẹ́ inú elégédé, wọn a tan àbẹ́là sínú rẹ̀, wọn a gbé e sí ẹnu ọ̀nà. Ní Des Moines, ọjọ́ 30 ni wọ́n jáde ní ọdún tí mo ń wí yìí, láti agogo mẹ́fà sí mẹ́jọ alẹ́. Àṣà ìlú náà sì ni pé ọmọ gbọ́dọ̀ pa ẹ̀fẹ̀ kan fún onílé kí ó tó gba ohunkóhun.

Ọkàn mi kò gbà á. Bí mo ti ń bẹ̀rù àwọn ìbòjú náà, bẹ́ẹ̀ ni mo ń bẹ̀rù oró, nítorí mo ti gbọ́ pé àwọn ènìyàn burúkú a máa fi májèlé sínú súìtì. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí ó ti pẹ́ ní ìlú náà, wí fún mi pé, “Ìyá Àkànní, eré ọmọdé ni. Bá a lọ, kí o sì máa ṣọ́ ọ.” Mo gbà, pẹ̀lú àdéhùn pé ẹnikẹ́ni kò ní í fi súìtì kan kan ẹnu títí n ó fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Àkànní ní ọba ni òun fẹ́ jẹ́. Mo fi òru mẹ́ta rán agbádá àrán dúdú fún un, ó gùn tí ó fi ń wọ́ nílẹ̀ bí ti ọba ní tòótọ́. Mo ṣe adé fún un, mo sì so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn, ó bo gbogbo ojú rẹ̀. Nígbà tí ó wọ̀ ọ́ tán, orí mi wú.

Kò pẹ́ tí a jáde ni oòrùn wọ̀. Ní ilé kìn-ín-ní, ọmọ náà pa àlọ́ ìgbín fún wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, gbogbo wọn sì pàtẹ́wọ́. Ní ilé kẹrin, ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é láti òdìkejì òpópónà. Kí n tó lanu, ó ti sáré bọ́ sí àárín ọkọ̀ méjì tí wọ́n gúnlẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ó tẹ ìṣẹ́tí agbádá mọ́lẹ̀, ó sì ṣubú lulẹ̀ sí ojú títì. Ọkọ̀ kan ń bọ̀. Mo pariwo, pẹ̀lú Àbẹ̀kẹ́ ní ẹ̀yìn, n kò lè sáré. Bíréèkì han goorogo. Ọkọ̀ náà dúró ní ìwọ̀n apá kan sí orí ọmọ mi. Obìnrin tí ń wà á sọ̀ kalẹ̀, ó ń gbọ̀n, ó sì ń wí pé, “N kò rí i. N kò rí i rárá.”

Orúnkún nìkan ni ó bó. Nígbà tí a délé, mo da gbogbo súìtì sórí tábìlì, mo ń yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Bàbá wọn wò mí, ó wo agbádá tí ó wà nílẹ̀, ó ní, “Kò sí ohun tí ó ṣe súìtì.” Ìgbà náà ni mo tó yọ ìwé ilé ìtọ́jú yẹn jáde. Ó wà ní ojú ewé ìkẹyìn: kí aṣọ má ṣe gùn kọjá ọrùn ẹsẹ̀, kí ohunkóhun má ṣe dí ojú, kí ọmọ má ṣe wọ dúdú nínú òkùnkùn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo rú.

Mo wádìí ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Joel Best, tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí nípa oró inú súìtì, kò rí ẹ̀rí pé àjèjì kan ṣàdédé fi súìtì Halloween pa ọmọdé. Ní ìpínlẹ̀ Texas ní ọdún 1974, ọmọ kan kú nítorí oró inú súìtì, ṣùgbọ́n bàbá tí ó bí i ni ó fi sí i, nítorí owó ìbánigbófò. Ọkọ̀ ni ewu tòótọ́. Ìwádìí kan lórí ọdún 1975 sí 2016 fi hàn pé ewu kí ọkọ̀ pa ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn ní alẹ́ Halloween fi ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti alẹ́ ọjọ́ kan náà ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀ lé e lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkè òkun, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Àwa tí a wà nílé náà ń wọ ọmọ ní agbádá àti adé fún ọjọ́ àṣà ní ilé ẹ̀kọ́, a sì ń rán wọn kiri ní alẹ́ ọdún Kérésì. Ẹ jẹ́ kí aṣọ mọ sí òkè ọrùn ẹsẹ̀, kí bàtà sì bá ẹsẹ̀ mu. Ẹ kun ojú dípò kí ẹ bò ó, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dán ọ̀dà náà wò ní apá ọmọ. Ẹ rán aṣọ funfun tàbí téèpù tí ń dán mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì lé e lọ́wọ́. Kí àgbà mú un sọdá ní ìkóríta, kì í ṣe láàárín ọkọ̀ tí ó gúnlẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí aṣọ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ sún mọ́ àbẹ́là: òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ a tètè gbiná, náílọ́ọ̀nù a sì yọ́ mọ́ ara. Ẹ fún ọmọ ní oúnjẹ gidi kí ó tó jáde, kí ẹ má sì fún ọmọ tí kò tó ọdún mẹ́rin ní ẹ̀pà tàbí súìtì líle, kí ó má baà há a lọ́fun.

Agbádá yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo gé ìṣẹ́tí rẹ̀, mo sì rán ọ̀já funfun mọ́ ọn yí ká. Lọ́dọọdún ni mo ń mú un lọ sí kíláàsì mi, n ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, n ó sì bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí ni wọ́n rò pé ó ṣe aṣọ yìí. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yìn.