Ọ̀yà Inú Àkùrọ̀ Odò Ògùn

Ẹni tí ó bá ń rin ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn mọ ọ̀yà dáadáa, ṣùgbọ́n òkú rẹ̀ ni ó mọ̀: èyí tí a ti jó irun rẹ̀, tí a sì fi igi nà bí awọ ìlù. Èmi náà kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ títí mo fi bá bàbá ọdẹ kan lọ sí àkùrọ̀ Odò Ògùn, nísàlẹ̀ Abẹ́òkúta, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Inú eèsún tí ó ga ju ènìyàn lọ ni a wọ̀. Bàbá ní, "Tíṣà, ẹ wo ilẹ̀." Mo rí ọ̀nà tóóró kan tí ó gba abẹ́ koríko lọ sétí omi, ó mọ́ bí ẹni pé a gbá a. Koríko gé sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì bí ẹni pé a fi àdá gé e. Eyín iwájú ọ̀yà ni àdá náà. Ó pọ́n bí ọsàn, kì í sì í dẹ́kun gígùn. Òru ni ó ń jẹun jù. Ìdí koríko níbi tí omi wà ni ó fẹ́ràn, á sì fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ ò rí i pé onírèké kò lè fẹ́ràn rẹ̀! Bí ẹ̀rù bá bà á, á súfèé, á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn janlẹ̀, á bẹ́ sódò, á sì lúwẹ̀ẹ́ lọ.

Ẹ má pè é ní eku lásán o. Òòrẹ̀ ni ó bá tan ju eku ilé lọ, òòrẹ̀ nìkan ni ó sì tóbi jù ú lọ nínú irú wọn ní Áfíríkà. Akọ ńlá lè wọ̀n ju kílò 6 lọ.

Lọ́sàn-án, wọ́n ti iná bọ koríko ìhà kejì. Ajá ń gbó, àwọn ọmọkùnrin di kùmọ̀ mú. Ọ̀yà mẹ́rin ni wọ́n pa. Nígbà tí bàbá la ikùn ọ̀kan, ọmọ mẹ́rin ni a bá níbẹ̀, irun ti bò wọ́n. Eku ilé kì í lóyún tó oṣù kan, ṣùgbọ́n oyún ọ̀yà ń lọ sí oṣù márùn-ún. Ọmọ rẹ̀ á là ojú wá sáyé, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi máa sáré.

Bàbá dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Mẹ́jọ ni a pa lónìí, kì í ṣe mẹ́rin."

Mo sọ fún un pé láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń sin ọ̀yà nínú ilé ní orílẹ̀-èdè Benin, àti pé a ń sìn ín níhìn-ín náà. Ó rẹ́rìn-ín: "Kí ọdẹ wá máa gé koríko fún ẹran?"

Bí a ṣe ń padà, àwọn ọmọ náà gbé ìtùfù lọ síbi eèsún tí a kọ́kọ́ wọ̀. Bàbá pè wọ́n padà, ó ní kí wọ́n pa iná ọwọ́ wọn.