Ọ̀rọ̀ Lórí Kọ̀ǹpútà Tí A Fi Agbára Mú Sáré

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà máa ń jiyàn lé lórí ní ilẹ̀ gbogbo, tí ó sì ti wọ inú ilé tiwa náà. Wọ́n ń pè é ní overclocking. Bí a bá sọ ọ́ ní ṣókí, òun ni pé kí ẹni tí ó ra kọ̀ǹpútà mú kí ọpọlọ rẹ̀, tí à ń pè ní prósẹ́sọ̀, máa sáré ju bí ẹni tí ó ṣe é ti fi lélẹ̀ lọ. Bí àgbà kan bá rò pé eré ọmọdé ni èyí, kí ó rántí pé owó ilé ni a fi ń ra ẹ̀rọ náà, àti pé ọ̀pọ̀ ọmọ ní ìlú Èkó lónìí ni ó ń ti ibẹ̀ jẹun. Nítorí náà ó yẹ kí bàbá àti ìyá mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Aago kan wà nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí ń darí gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìlù ti ń darí ẹsẹ̀ oníjó. Bí ìlù bá yá, iṣẹ́ a yá. Èyí tí ilé-iṣẹ́ Intel kọ́kọ́ tà ní ọdún 1971, tí wọ́n pè ní 4004, ìlù rẹ̀ kò ju bí 740,000 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní ọdún 1981, ti kọ̀ǹpútà IBM PC jẹ́ mílíọ̀nù 4.77. Èyí tí Intel gbé jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Core i9-14900KS, lè dé bílíọ̀nù 6.2. Ṣùgbọ́n a kì í lu ìlù yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Iná mànàmáná ni ó ń lù ú, iná náà a sì di ooru. Core i9-13900K ti ọdún 2022 lè jẹ wọ́ọ̀tì 253 nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Èyí ju ohun tí fáànù òkè àjà mẹ́ta ń jẹ lọ, gbogbo rẹ̀ sì kóra jọ sí orí ohun tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé.

Ní ilé mi ní Ìdí-Àràbà, níbi tí a kò jìnnà sí ilé ìwòsàn ńlá LUTH, ọmọ mi ọkùnrin ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ilé tí a kò tí ì kọ́, kí ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ọ lè rí i bí yóò ti rí. Àwòrán kan ṣoṣo lè gba òru kan gbáko. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ti pẹ́ jù ú lọ láyé, ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Computer Village ní Ìkẹjà. Ìgbàkúùgbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Èmi a sì fetí sílẹ̀, nítorí pé láti inú owó èsúsú ìyá rẹ̀ àti owó oṣù mi ni ẹ̀rọ náà ti jáde.

Ọmọ mi a ní, “Bọ̀dá mi, ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹ jẹ́ kí n mú un sáré. Bí iṣẹ́ bá tètè parí, iná inú bátìrì yóò ṣẹ́kù fún ilé.” Ó ní ẹ̀rí pẹ̀lú. Ní ọdún 1998, Intel ta ọpọlọ kan tí owó rẹ̀ kò pọ̀, Celeron 300A, tí ìlù rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 300. Àwọn ọ̀dọ́ sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ lè dé mílíọ̀nù 450. Bẹ́ẹ̀ ni nígbà tí ilé-iṣẹ́ AMD gbé Ryzen 7000 jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, wọ́n sọ ní gbangba pé bí ó bá gbóná dé ìwọ̀n Celsius 95 lẹ́nu iṣẹ́ ńlá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣe é, kò sì ní í pa á lára. “Bí ẹni tí ó mọ ìkòkò bá ní iná kò lè fọ́ ọ, ta ni èmi tí n ó máa bẹ̀rù?”

Èkejì a dáhùn pé, “Àbúrò mi, ìkòkò náà ti fọ́ lójú wa.” Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, díẹ̀ nínú àwọn Ryzen tuntun jóná mọ́ orí pátákó ẹ̀rọ tí a fi wọ́n sí, AMD sì ní kí a má ṣe jẹ́ kí fọ́ltéèjì apá kan wọn ju 1.3 lọ mọ́. Ní ti Intel, àwọn tí ó ra ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá ti ń ráhùn pé kọ̀ǹpútà wọn ń dákú lẹ́nu iṣẹ́. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Intel sọ pé fọ́ltéèjì tí ó ga jù ni ó fà á, àti pé àṣìṣe inú ìlànà ọpọlọ náà ni ó ń bèèrè rẹ̀. Wọ́n fi àtúnṣe ránṣẹ́ ní oṣù Kẹjọ, wọ́n sì fi ọdún méjì kún ìgbà tí wọ́n fi ń ṣe onígbọ̀wọ́ ọjà náà. Ṣùgbọ́n àtúnṣe kò lè wo èyí tí ó ti bàjẹ́ sàn. Ẹ kíyèsí i pé kì í ṣe àwọn tí ó ṣe overclocking nìkan ni èyí bá.

Nígbà tí mo ti gbọ́ ẹnu àwọn méjèèjì, mo mú gègé àti ìwé, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ akọ̀wé ti kọ́ mi. A kì í sábà lè mú ìlù náà yá jìnnà láìfi fọ́ltéèjì kún un. Bí ìlù bá sì yá, iná tí a ń jẹ a pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Ṣùgbọ́n bí fọ́ltéèjì bá di ìlọ́po méjì, iná a di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé a fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún méjèèjì. Ọpọlọ tí ń jẹ wọ́ọ̀tì 150 yóò máa jẹ tó 200. Iṣẹ́ wákàtí 10 yóò parí ní nǹkan bí wákàtí 9 àti ìṣẹ́jú 5. Tẹ́lẹ̀, 150 lọ́nà 10 jẹ́ 1,500. Nísinsìnyí ó di nǹkan bí 1,815. Nítorí ìṣẹ́jú 55, a ti fi ohun tí ó ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ kún iná wa. Kò sí ohun tí yóò ṣẹ́kù nínú bátìrì.

Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tún wà níbẹ̀. Fáànù kọ̀ǹpútà kì í dá òtútù sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú yàrá ni ó ń fẹ́. Bí a bá dán ọpọlọ kan wò ní yàrá tí ó wà ní ìwọ̀n 21 ní Jámánì, tí a sì gbé e wá sí yàrá tí ó wà ní 33 níhìn-ín ní oṣù Kẹta, ìwọ̀n 12 náà yóò gorí ọpọlọ náà. Ohun tí ó jẹ́ 80 lọ́hùn-ún yóò súnmọ́ 92 lọ́dọ̀ wa. Ẹ fi eruku ọ̀nà Mushin àti ti ìgbà ọyẹ́ kún un. Ọpọlọ òde òní a sì máa dín eré ara rẹ̀ kù bí ó bá gbóná dé ààlà, tí èrè tí a ń lé yóò fi di òfo.

Ayé sì ti yàtọ̀ sí ti ọdún 1998. Nígbà náà àwọn tí ń ṣe é fi àyè púpọ̀ sílẹ̀. Lónìí àwọn fúnra wọn ti lo àyè náà tán kí wọ́n tó gbé e wá sí ọjà. Intel pàápàá rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀: Core Ultra 9 285K ti oṣù Kẹwàá ọdún 2024 kò kọjá bílíọ̀nù 5.7, bẹ́ẹ̀ ni Core i9-14900K tí ó ṣáájú rẹ̀ ń dé 6.0.

Síbẹ̀, mo yin àwọn ọmọ wọ̀nyí, nítorí pé wọ́n ń wọn nǹkan kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ọmọ mi sì tọ̀nà lórí ohun kan: ooru nìkan kọ́ ni ọ̀tá. Fọ́ltéèjì àpọ̀jù ni ó ń ba ọpọlọ jẹ́ jù, ooru a sì máa ràn án lọ́wọ́.

Ìmọ̀ràn mi fún ilé tí irú ẹ̀rọ yìí bá wà nìyí. Èyí tí ọmọ fi ń jẹun, kí ó má ṣe fi ṣe overclocking, nítorí pé Intel àti AMD kì í san ẹ̀san ohun tí ó bá tibẹ̀ bàjẹ́. Èyí tí a sì rà ní tòkunbọ̀, kò sí ẹni tí a ó gbé e padà fún. Kàkà bẹ́ẹ̀, kí ó dín iná rẹ̀ kù. AMD ti fi ọ̀nà rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, wọ́n pè é ní Eco Mode: Ryzen 9 7950X tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ wọ́ọ̀tì 170 lè ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n 105 tàbí 65, eré tí ó sì ń pàdánù kò tó iná tí ó fi pamọ́. Kí ó máa gbọn eruku fáànù, kí ó sì gba àtúnṣe tí ilé-iṣẹ́ bá fi ránṣẹ́. Bí ọkàn rẹ̀ bá sì ń fà sí ìdánwò, kí ó wá ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kan tí kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́, kí ó fi kọ́ ọgbọ́n. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní ń nini lára.