Kí ìlù má baà di ariwo: nípa irinṣẹ́ àdàpọ̀ orin

Láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti wọ ọ̀pọ̀ ilé ní Abomey-Calavi, ìgbohùnsílẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ olówó nìkan mọ́. Ní àdúgbò tí ó yí Yunifásítì ká, yàrá akẹ́kọ̀ọ́ kan lè jẹ́ ibùsùn lóru, kí ó sì di ibi ìgbohùnsílẹ̀ lọ́sàn-án. Ìbéèrè kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ tí a ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama máa ń bi wá: irinṣẹ́ wo ni kí a rà, kí orin wa lè dún bíi ti àwọn ará òkè-òkun? A fẹ́ dáhùn ìbéèrè náà níhìn-ín, ṣùgbọ́n a ó fi òmíràn kún un: kí ni a fẹ́ kí orin náà sọ, ta ni ó sì yẹ kí ó gbọ́ ọ yé?

Iṣẹ́ méjì ni ó wà lẹ́yìn ìgbohùnsílẹ̀. Èkíní ni àdàpọ̀, tí àwọn Faransé ń pè ní mixage: a ó kó ohùn akọrin, ìlù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti gìtá tí a gbà sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ jọ sójú kan, a ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀. Èkejì ni àṣekágbá, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní mastering: a ó pa orin tí a ti dà pọ̀ lẹ́sẹ̀ mọ́, kí ó lè jáde síta. Àdàpọ̀ dà bí ọbẹ̀ sísè, àṣekágbá sì dà bí ìgbà tí a ń bù ú sínú àwo fún àlejò. Bí iyọ̀ bá ti pọ̀ jù nínú ìkòkò, àwo tí ó dára kò lè mú un kúrò.

Iṣẹ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹgbẹ́ Orchestre Poly-Rythmo, tí Clément Mélomé dá sílẹ̀ ní Cotonou ní 1968, gba apá kan nínú orin wọn sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ EMI ní Èkó, fún Albarika Store tí Adissa Seidou ní. Ṣùgbọ́n nínú èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké, púpọ̀ ni wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ilé àwọn ènìyàn, pẹ̀lú míkirò kan tàbí méjì péré àti ẹ̀rọ Nagra. Nagra yìí ni ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tí Stefan Kudelski, ọmọ Poland, ṣe ní Switzerland ní 1951. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ní èdè Poland ni “yóò gbà á sílẹ̀”. Ní 2008, ilé-iṣẹ́ Analog Africa ti Jámánì tún àwọn orin bẹ́ẹ̀, ti 1972 sí 1975, gbé jáde.

Níbi tí míkirò ti jẹ́ ẹyọ kan, kò sí ọ̀nà láti gbé ohùn ẹnì kan sókè lẹ́yìn náà. Ẹsẹ̀ ni a fi ń da ohùn pọ̀: kí akọrin sún mọ́ míkirò, kí afọnfèrè padà sẹ́yìn, kí onílù yí ojú ìlù rẹ̀ síhà ibòmíràn. Ibi tí olúkúlùkù dúró sí ni àdàpọ̀. Etí ni irinṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ lórí irinṣẹ́ òde òní. Bí owó bá kéré, a ó kọ́kọ́ ra casque tí ó dára àti carte son kékeré, èyí tí ń so míkirò mọ́ kọ̀ǹpútà. Casque tí ó pa etí dé dára fún ìgbohùnsílẹ̀, nítorí kì í jẹ́ kí ohùn jò padà sínú míkirò. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni ó dára jù fún àdàpọ̀. Kí a yẹra fún èyí tí wọ́n ṣe láti mú ohùn ìsàlẹ̀ pọ̀ ju bí ó ti rí lọ, nítorí irọ́ ni yóò máa pa fún wa. Bí a bá ní àpótí ohùn méjì, kí àpótí méjèèjì àti orí wa jẹ́ igun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Ní ti ètò kọ̀ǹpútà, Audacity wà láti ọdún 2000, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ìyàrá fúnra rẹ̀ tún jẹ́ irinṣẹ́. Páálí ẹyin tí àwọn ọ̀dọ́ ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ohùn ìsàlẹ̀ dúró rárá. Tìmùtìmù, aṣọ tí ó nípọn àti àpótí ìwé tí ó kún wúlò jù ú lọ. Ní Calavi, a kì í gbohùn sílẹ̀ nígbà tí òjò bá ń lu páànù, tàbí nígbà tí àwọn zémidjan bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Onduleur sì ṣe pàtàkì, nítorí iná tí ó lọ lójijì lè gbé iṣẹ́ odindi ọ̀sán lọ.

Síbẹ̀, gbogbo irinṣẹ́ yìí lè pé, kí orin sì kú. Ní ọdún tí ó kọjá, àwa díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ gba oríkì àti ìlù gángan sílẹ̀ lẹ́nu àti lọ́wọ́ àwọn àgbà kan, ọmọ Kétu tí ń gbé ní Calavi. A gbé iṣẹ́ náà fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ ẹ̀rọ dáadáa, ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ Yorùbá. Nígbà tí ó dá a padà, gbogbo rẹ̀ ń dán. A pe àwọn àgbà wá gbọ́. Bàbá tí ó dàgbà jùlọ tẹ́tí títí, ó ní: “Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ta ni ó gé onílù yìí ní ahọ́n?”

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé ẹni. Gángan kì í kàn ń dún, ó ń sọ̀rọ̀. Onílù a máa fún ọṣán kí ohùn lè gòkè, a sì máa tú u kí ó lè rẹlẹ̀. Nínú gíga àti rírẹlẹ̀ yìí ni a ti ń gbọ́ orúkọ àti oríkì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi ìró àtúndún tí ó gùn sórí ìlù, ìyẹn réverbération, bí ẹni pé inú gbọ̀ngàn ńlá ni a wà. Ohùn òkè kò tíì parí tí ohùn ìsàlẹ̀ fi ń wọlé. Méjèèjì gun ara wọn, ọ̀rọ̀ sì dàrú. Ó tún lo compresseur, ẹ̀rọ tí ń tẹ ohùn tí ó le mọ́lẹ̀, débi pé ojú ibi tí ọ̀pá ti ń kan awọ kò hàn mọ́. Lójú tirẹ̀, ohun tí ń gbe orin lẹ́sẹ̀ ni ìlù. Kò mọ̀ pé olùsọ̀rọ̀ ni.

A padà lọ jókòó tì í. A kọ ọ̀rọ̀ tí onílù ń sọ sórí ìwé, pẹ̀lú àmì ohùn lórí sílébù kọ̀ọ̀kan, a sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó gé àtúndún náà kúrú, ó dín agbára compresseur kù, ó sì ṣí àyè sílẹ̀ fún ìlù láàárín gìtá àti ohùn ènìyàn. Nígbà tí bàbá gbọ́ ẹ̀dà kẹta, ó dá ìlù lóhùn.

Ewu kan náà wà nínú ohùn akọrin. Auto-Tune, tí Andy Hildebrand gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1997, ń fa ohùn tí ó yẹsẹ̀ lọ sórí nótì tí ó súnmọ́ ọn jùlọ. Nínú èdè Faransé, èyí kò ba ìtumọ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n láàárín ìlù àti ìlú, gíga ohùn nìkan ni ó wà. Bí a bá pe ìlú, sílébù kejì a máa yọ́ gòkè láti ìsàlẹ̀. Bí a bá pe ìlù, kì í gòkè rárá. Bí ẹ̀rọ bá gé yíyọ́ náà kúrò, ẹni tí ń gbọ́ ni yóò máa fi orí ara rẹ̀ wá ìtumọ̀. A kò ní kí a sọ ẹ̀rọ náà nù. Kí a tú u sílẹ̀ díẹ̀, kí ó má ṣe yára mú ohùn, kí a sì pa á níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti yí padà.

Ní àṣekágbá, gbogbo ènìyàn ni ó fẹ́ kí orin tirẹ̀ dún ju ti ẹnìkejì lọ. Àwọn àgbà sì ti ní ìlù tí ó bá ń dún àdúnjù kò ní pẹ́ ya. Spotify fúnra rẹ̀ a máa rẹ orin tí ó bá le jù sílẹ̀ títí dé ìwọ̀n -14 LUFS. Ẹni tí ó ti tẹ orin rẹ̀ pa láti lè pariwo kò rí èrè kankan. Ohun tí ó dára jù ni kí a gbọ́ orin náà lórí casque, lórí rédíò inú takisí, àti lórí fóònù kékeré tí kò ní ohùn ìsàlẹ̀. Bí a bá ṣì ń gbọ́ ohun tí gángan ń wí lórí fóònù yẹn, iṣẹ́ ti yọrí.

Nítorí náà, kí ìwé tí a fi àmì ohùn sí wà lára irinṣẹ́ tí a ó máa kà sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, kí àgbàlagbà kan tí ó gbọ́ ìlù wà níbẹ̀, kí a sì ní dísíìkì méjì tí a ó pa iṣẹ́ mọ́ sí ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí a pa ohùn kọ̀ọ̀kan mọ́ lọ́tọ̀, láìtíì dà á pọ̀, nítorí àdàpọ̀ tí a ṣe lónìí, ẹlòmíràn lè tún un ṣe lọ́la. Ṣùgbọ́n bí onílù bá ti lọ, a kò lè ní kí ó wá tún un lù. Ohùn àwọn àgbà Kétu wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ wa, bẹ́ẹ̀ ni ìwé àmì ohùn rẹ̀. Ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ dán ọwọ́ rẹ̀ wò, kí ó gbé casque rẹ̀, kí ó máa bọ̀.