Ọwọ́ Tó Ń Rẹ́ Ògiri

Iṣẹ́ ilé mímọ ni a bá lọ́wọ́ àwọn baba wa. Ní Tchaourou níbí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, láàárín àwa Nàgó àti àwọn Ìbàrìbá tí a jọ ń gbé, kò sí ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní ayàwòrán ilé láyé ìgbà náà. Ẹni tó bá lè mọ ògiri kí ó dúró, tó sì mọ ibi tí omi òjò yóò gbà jáde nínú agbo ilé, òun ni mọlémọlé, wọn a sì máa ránṣẹ́ pè é láti abúlé dé abúlé. Bàbá àgbà mi wà lára wọn. Èmi, maçon ni wọ́n ń pè mí, nítorí sìmẹ́ǹtì ni mo kọ́ kí n tó padà sídìí amọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi kan ṣì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ìyẹn. Wọ́n ní èmi nìkan ni maçon tó kọ́ iṣẹ́ tó sì ń padà sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí nígbà tí ó ṣì wà lọ́wọ́ bàbá àgbà. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń mọlé. Òjò tiwa kì í dáwọ́ dúró títí di oṣù Kẹwàá, bí ó bá sì ti dáwọ́ dúró, tí ilẹ̀ ṣì tutù nísàlẹ̀, wọn a gbẹ́ kòtò sí ẹ̀yìnkùlé, wọn a da omi sí ilẹ̀pa inú rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́kùnrin a sì bọ́ sínú rẹ̀ láti fi ẹsẹ̀ pò ó. Wọn a gé koríko gbígbẹ sí i kí ó má baà sán. Wọn kì í lò ó lọ́jọ́ náà. Wọn a fi í sílẹ̀ kí ó rọ̀, kí ó máa rùn díẹ̀, wọn a tún un pò. Ọ̀wẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Mọlémọlé ló ń gba nǹkan, àwọn tó kù, oúnjẹ àti ọtí ni tiwọn, pẹ̀lú ìdánilójú pé bí ó bá kàn wọ́n, àwọn èèyàn yóò wá bá wọn ṣe tiwọn náà.

Ìpele ìpele ni wọ́n ń mọ ògiri. Ìpele kan kì í fi bẹ́ẹ̀ ga ju orúnkún lọ. Bí wọ́n bá mọ ọ́n yíká ilé tán, wọn a fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ibí yìí ni wọ́n ti ń mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọ iṣẹ́. Ẹni tó bá kánjú, ìpele ìsàlẹ̀ yóò wú síta, ẹni tó bá sì pẹ́ jù, ìpele tuntun kò ní lẹ̀ mọ́ èyí tó ti gbẹ. Bàbá àgbà a máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri láàárọ̀ kùtù, bí ó bá tutù mọ́ ọn lọ́wọ́, iṣẹ́ kò sí lọ́jọ́ náà. Ní òkè, igi àgbọn olódù ni wọ́n ń tẹ́, nítorí ikán kì í lè jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni koríko bẹẹrẹ, tí etí òrùlé yóò yọ síta gan-an tí yóò sì wálẹ̀ débi pé ẹni tó bá ga gbọ́dọ̀ tẹ̀ba kí ó tó wọlé. Kì í ṣe torí ọ̀wọ̀ onílé nìkan. Etí òrùlé yẹn ló ń bo ògiri lọ́wọ́ òjò.

Ṣùgbọ́n mọlémọlé kọ́ ló ń mú ilé pẹ́. Àwọn obìnrin ni. Rírẹ́ ògiri, iṣẹ́ wọn ni. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn ìkórè, ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ a gbé amọ̀ kíkúnná tí wọ́n pò mọ́ igbe màlúù, wọn a fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ́ gbogbo ibi tí òjò ti gbẹ́. Wọn a se èèpo èso igi igbá, igi tí a ti ń rí irú, títí omi rẹ̀ yóò fi pupa tí yóò sì ki, wọn a sì bu omi náà sí ara ògiri. Bí ó bá gbẹ, ara ògiri a le, omi òjò a máa ṣàn kúrò lórí rẹ̀. Àwọn Batammariba ní òkè lọ́hùn-ún, ní apá Boukoumbé àti ní Togo, ń lo omi igbá yìí pẹ̀lú. UNESCO kọ ilẹ̀ wọn, Koutammakou, sínú ìwé ohun ìní àgbáyé ní 2004 fún ti Togo, ó sì fi apá ti Bẹ̀nẹ̀ kún un ní 2023.

Nítorí náà, bí àlejò bá bi mí pé ilé kan ti pé ọdún mélòó, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Amọ̀ ojú ògiri lè jẹ́ ti èṣí. Àárín rẹ̀ lè jẹ́ ti bàbá àgbà. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú irú ilé bẹ́ẹ̀, tó wá ń wá bí kò ṣe ní yí padà rárá, kò tíì mọ ohun tó ń tọ́jú.

Ojú irin ló kọ́kọ́ yí iṣẹ́ wa padà. Kútọnu ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1900, ó pẹ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́, ó wá gba ọ̀dọ̀ wa kọjá dé Parakou ní 1936. Àwọn oníṣẹ́ òkúta bá a wá láti etí òkun. Ọkọ̀ ojú irin náà ló ń kó páànù wá. Èmi kì í bú páànù bí àwọn olùtọ́jú ilé àtijọ́ kan ṣe máa ń bú u. Ó ń gbóná, ó ń pariwo bí òjò bá ń rọ̀, ṣùgbọ́n iná kì í jó o bí ó ṣe ń jó bẹẹrẹ, obìnrin tó ti ń wá koríko kiri nínú oòrùn yóò sì kọ́kọ́ dúpẹ́ kó tó ráhùn. Àbùkù rẹ̀ ni pé wọ́n ń rà á ní díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń gé etí rẹ̀ kúrú kí owó lè ká a. Ògiri tí etí òrùlé gígùn ti ń bo láti ọjọ́ pípẹ́ wá ń dúró níhòòhò.

Lẹ́yìn páànù ni sìmẹ́ǹtì. Ní àwọn ọdún 1970 ni Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà jọ dá ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Onígbolo sílẹ̀, nígbà tí mo sì fi ń kọ́ṣẹ́ ní Parakou, kò sí ọmọ iṣẹ́ tó fẹ́ kí wọ́n rí amọ̀ lẹ́sẹ̀ òun. Bíríkì sìmẹ́ǹtì ni ọ̀làjú. Nígbà tí Boni Yayi tí wọ́n bí ní Tchaourou níbí di ààrẹ ní 2006, ojú tún là sí i, gbogbo ẹni tó bá rí owó díẹ̀ ló fẹ́ kí ilé òun yẹ ìlú ààrẹ. A jẹun nínú rẹ̀, n kò ní purọ́.

Àjàṣẹ́ ló wá là mí lójú. Mo bá ọ̀gá kan lọ síbẹ̀ láti ṣiṣẹ́ alábàárù lórí àwọn ilé tí àwọn tó ti Brazil padà wá kọ́. Àwọn wọ̀nyẹn kó ọgbọ́n Bahia wá, fèrèsé tó tẹ̀ kọrọdọ lókè, òdòdó àti ọwọ̀n ní iwájú ilé, irú èyí tó wà lára mọ́ṣáláṣí ńlá Àjàṣẹ́ tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rò pé òkúta ni wọ́n fi kọ́ wọn. Nígbà tí a ha ojú ògiri, ilẹ̀pa pupa ni mo bá nísàlẹ̀, amọ̀ tí bàbá àgbà mi pò gan-an. Ohun tí wọ́n fi rẹ́ ẹ kì í ṣe sìmẹ́ǹtì, chaux ni, lẹ́búlẹ́bú funfun tí wọ́n ń rí bí wọ́n bá sun òkúta ẹfun tàbí ìkarahun níná. Chaux máa ń jẹ́ kí ògiri mí. Omi tó bá wọ inú rẹ̀ yóò tún jáde. Àjàṣẹ́ náà ni wọ́n dá École du Patrimoine Africain, ilé ẹ̀kọ́ ohun ìní Áfíríkà, sílẹ̀ sí ní 1998, àwọn tó ń jáde níbẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ṣàlàyé fún mi, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ohun tí ìyá àgbà mi ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe.

Mo gbọ́ ti Èkó níbẹ̀ pẹ̀lú. Ilé Ìlọ́jọ̀ ní Tinúbu, tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba sì kéde ní 1956 pé ó jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, wọ́n wó o palẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Àkọlé ìjọba kò dáàbò bo ògiri kankan bí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kò bá fẹ́ ẹ mọ́.

Ibi tí mo rò pé ó kọ́ni ní ọgbọ́n jù lórí ilé tuntun láàárín ilé àtijọ́ ni ààfin Àgbómẹ̀. Ó tó hẹ́kítà 47. Yàtọ̀ sí ọba Akaba tó ní ọgbà tirẹ̀, gbogbo ọba Dàhómẹ̀ ló kọ́ ààfin tirẹ̀ sínú ọgbà kan náà, ẹnikẹ́ni kò wó ti baba rẹ̀ kí ó tó kọ́ tirẹ̀. Ohun tó jẹ́ tuntun lára ti ọba kọ̀ọ̀kan ni àwòrán tó mọ sí ara ògiri. Amọ̀ kan náà ni, àgbàlá kan náà ni. Ìjì líle ṣe é ní jàǹbá ní 1984, UNESCO sì kọ ọ́ sínú ìwé ohun ìní àgbáyé ní 1985 àti sínú ìwé àwọn tó wà nínú ewu lọ́dún kan náà. Kò kúrò nínú ìwé ewu náà títí di 2007. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, iná jó apá kan rẹ̀. Ẹ wo bí ó ṣe ń nira tó, àní pẹ̀lú owó àjèjì àti àwọn ọ̀mọ̀wé.

Mo padà sí Tchaourou. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún mi jẹ́ yàrá bàbá kan tó ti di olóògbé. Agbaṣẹ́ṣe kan ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri amọ̀ rẹ̀ lóde, kí ó lè dà bí ilé tuntun fún ìsìnkú. Ó dára lójú fún ìgbà díẹ̀. Mo fi ìka kan án, ó ń dún bí ìgbà tí èèyàn bá lu igbá òfìfo. A ṣí i láti ìsàlẹ̀. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni, ọyẹ́ ti gbẹ ètè gbogbo wa, síbẹ̀ amọ̀ ẹ̀yìn sìmẹ́ǹtì náà tutù. Mo tẹ̀ ẹ́, ìka mi wọlé. Omi òjò ti gba ojú sísán wọlé, ilẹ̀ sì ti fa omi sókè láti ìsàlẹ̀, kò sì rí ọ̀nà jáde. Ẹsẹ̀ ògiri ti di ẹrẹ̀. Ìyá àgbà agbo ilé náà jókòó lórí àpótí, ó wò wá títí, ó ní:

“Ẹ̀yin maçon, ṣé ẹ ti rí i báyìí? Ẹ dí i lẹ́nu.”

“Ẹ jọ̀wọ́ Ìyá, èmi kọ́ ni mo ṣe é.”

“Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì náà ni ìwọ pẹ̀lú kọ́.”

A ṣí gbogbo rẹ̀ kúrò, a jẹ́ kí ó gbẹ títí oṣù kan fi kọjá, a fi òkúta àti amọ̀ di ẹsẹ̀ rẹ̀, a la ojú omi yíká, a sì fa páànù síwájú. Ìyá yẹn ló kọ́ àwọn ọmọge méjì bí wọ́n ṣe ń se omi igbá.

Ọmọ kan nínú agbo ilé náà tó ń ṣòwò ní Kútọnu wá ní òun fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sáàárín àgbàlá. Ọ̀rọ̀ yìí ló pọ̀ jù lẹ́nu iṣẹ́ wa báyìí. Àwọn ayàwòrán ilé láti ìlú ńlá máa ń rò pé ìjà tó wà níbẹ̀ ni ìrísí: kí ilé tuntun jọ ti àtijọ́ tàbí kí ó yàtọ̀. Lójú tèmi, ìrísí kò ṣe nǹkan kan. Ohun tí mo ń wò ni àgbàlá. Bí ilé tuntun bá gba àgbàlá, ibi tí wọ́n ti ń po amọ̀ kò sí mọ́, ibi tí àwọn obìnrin ti ń jókòó rẹ́ ògiri kò sí mọ́, omi òjò yóò sì rọ́ lu ẹsẹ̀ ilé àtijọ́. Láàárín ọdún díẹ̀, ilé àtijọ́ á wó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Mo sọ fún un pé, “Ẹ̀gbọ́n, ibi tí yàrá ẹran ti wó sí ni kí ẹ kọ́ ọ sí.” Ó gbà lẹ́yìn àríyànjiyàn púpọ̀. Kò jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mọ́. A fi ẹ̀rọ ọwọ́ tẹ ilẹ̀pa ní bíríkì, pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì díẹ̀ nínú rẹ̀, a bò wọ́n kí wọ́n má baà yára gbẹ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjú sí àgbàlá. Páànù ni òrùlé, ṣùgbọ́n a gbé e sókè kúrò lórí àjà kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín wọn. Lọ́dọ̀ ayàwòrán ilé Francis Kéré ni mo ti rí ọgbọ́n náà, láti ilé ẹ̀kọ́ Gando tó kọ́ ní Burkina Faso ní 2001. Òun ló gba ẹ̀bùn Pritzker ní 2022, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á, òun náà ló sì ya ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun wa ní Àjàṣẹ́, tó fi igi ìpàdé ṣe àwòṣe rẹ̀. Ilé ńlá nìyẹn. Gando tó kéré ni mo fẹ́ràn jù, nítorí àwọn ará abúlé fúnra wọn ló bá a gbé bíríkì.

Bẹ̀nẹ̀ ní òfin lórí ohun ìní àtijọ́. Àwọn ààfin àti ilé ńlá ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn àwọn tó ń lò ó. Yàrá amọ̀ inú agbo ilé ní Tchaourou, kò sí ẹni tí yóò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Mo bẹ àwọn ti mairie, ọ́fíìsì ìlú wa: kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ilé tuntun nínú agbo ilé tó ṣì ní ògiri amọ̀, ẹ bèèrè bí àgbàlá yóò ṣe kù, kí ẹ sì bèèrè ẹni tí yóò máa rẹ́ ògiri náà. Ẹ wá owó díẹ̀ fún àwọn ìyá tó mọ iṣẹ́ náà kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ yìí ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn tí mo mọ̀ tí wọ́n ṣì ń se omi igbá dáadáa, wọ́n ti darúgbó.