Ẹ Bu Ti Ajá Sọ́tọ̀

Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ pa ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé nígbà tí ẹ bá rí i pé nítorí oúnjẹ ajá ni mo ṣe mú kálàmù. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé yàrá kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó bínú ni. Ó ní nínú ìlú tí ọmọ ènìyàn kò ti rí ẹyin jẹ, ta ni ń ro ti ajá? Ìbéèrè rẹ̀ tọ̀nà, n óò sì dáhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti Tanímọ̀la.

Tanímọ̀la ni orúkọ ajá ilé wa. (Ẹ mọ̀ pé àwa Yorùbá a máa fi orúkọ ajá pa òwe fún aládùúgbò, ẹni tí ìyá mi ń fi èyí bá wí mọ ara rẹ̀.) Ìyá mi fẹ́ràn ajá yìí, kì í sì í jẹ́ kí ebi pa á. Ní alaalẹ́ ni wọ́n máa ń da ìsàlẹ̀ ìkòkò ọbẹ̀ lé àmàlà tàbí ẹ̀bà fún un, tí wọn yóò sì kó egungun adìẹ lé e lórí. Nígbà tó yá, ajá tí kì í jẹ́ kí àlejò gba ẹnu ọ̀nà kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbogbo ọjọ́ sùn. Kò lè sáré mọ́, erìgì rẹ̀ sì funfun bí òwú. Eégbọn ni gbogbo wa rò pé ó kó àìsàn ràn án. Dókítà ẹranko yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò bá àrùn eégbọn níbẹ̀. Ló bá béèrè ohun tí ajá ń jẹ. Bí ìyá mi ti dárúkọ ọbẹ̀, ó ní, "Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ yẹn ni, Mà."

Àlùbọ́sà àti aayù a máa ba àwọn hóró pupa inú ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. À báà sè é, à báà lọ̀ ọ́ gbẹ, ọ̀kan náà ni. Ti egungun adìẹ tí a ti sè tún burú, nítorí ó máa ń fọ́ sí ṣóńṣó tí í gún ọ̀fun tàbí ìfun. Kòkó àti obì ńkọ́? Ohun kan tí wọ́n ń pè ní theobromine wà nínú kòkó, kaféènì sì pọ̀ nínú obì; ara ajá kì í tètè lé theobromine jáde bí ara tiwa, àwọn méjèèjì sì lè mú kí àyà rẹ̀ máa lù kìkì tàbí kí gìrì mú un. Kí ẹ̀yin ará oko kòkó má jẹ̀ẹ́ kí ajá dé ibi tí ẹ ń sá kòkó sí. Bí àgbàdo tàbí ẹ̀pà bá sì ti bu, ẹ má ṣe sọ pé ajá ni yóò jẹ ẹ́; májèlé inú rẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Bàbá mi àgbà, tí í ṣe ọdẹ, kò fún ajá ní ọbẹ̀ rí. Bí wọ́n bá ti ń kun ẹran ìgbẹ́, ìfun àti fùkù ti di ti ajá kí ìyá àgbà tó gbé ìkòkò kaná. N kò sọ pé wọ́n mọ̀ nípa hóró ẹ̀jẹ̀ o. Owó iṣẹ́ ajá ni wọ́n ń san. Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ṣùgbọ́n bí ebi bá ń pa èyí tí kò níí sọnù, ṣé yóò gbọ́ ni?

Ohun tí mo fi dá ọ̀rẹ́ mi lóhùn nìyẹn. Ajá tó ń ṣọ́ ilé wa lóru, iṣẹ́ ló ń ṣe. Owó tí a ná lórí ìwòsàn rẹ̀ sì ju iye fùkù tí à bá fi bọ́ ọ fún oṣù mẹ́ta lọ. Ní ti ẹyin, ẹyọ kan ni Tanímọ̀la ń jẹ lọ́sẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní ó ṣì pọ̀ jù.

Nísinsìnyí, omi lásán ni ìyá mi fi ń bọ ẹran. Kí àlùbọ́sà, ata àti iyọ̀ tó wọ inú ìkòkò, wọ́n á ti bu ti ajá sọ́tọ̀. Wọ́n á fi ẹ̀kọ tàbí ìrẹsì kún un, pẹ̀lú elégédé tàbí ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ẹran nìkan ni ajá ń jẹ. Ní 2013, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Sweden fi hàn pé ara ajá ń da oúnjẹ bí ẹ̀kọ ju ti ìkookò lọ dáadáa. Èèpo ẹyin tí a sè, tí a sá, tí a lọ̀ kúnná, ni ìyá mi ń bù sí i díẹ̀díẹ̀ fún egungun rẹ̀, nítorí ẹran tí kò légungun kò ní èyí tó tó. Dókítà ló wọn iye rẹ̀ fún wọn. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí lọ́dún 2013 kan náà, wọ́n yẹ 200 ìlànà oúnjẹ ajá alásè-nílé wò ní Yunifásítì California ní Davis, 190 nínú wọn ni ohun kan tàbí òmíràn kò pé nínú rẹ̀.

Ìpápánu rẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi nígbà ìsinmi. Mo ń se ẹ̀dọ̀ màlúù, mo ń gé e wẹ́wẹ́, mo sì ń yan án lórí iná jẹ́jẹ́ títí yóò fi gbẹ. Mo ń ṣe ọ̀dùnkún bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ lọ, ẹ̀dọ̀ sì gbọdọ̀ kéré jùlọ nínú rẹ̀, nítorí fítámì A inú rẹ̀ a máa pa egungun lára bó bá pọ̀. Inú agolo mílíìkì tó ní ìdérí ni mo ń kó o sí, lókè pẹpẹ, nítorí Tanímọ̀la ti mọ ìró ìdérí náà.