Àgbádárìgì Létí Ọ̀sà

Àwa tí a ń gbé ní Ute àti ní gbogbo agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, igbó àti òkè ni a mọ̀, odò Ọ̀sẹ́ ni omi ńlá lójú wa. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni ó ń kọ orin nípa ìjì àti ìgbì òkun nínú ilé Ọlọ́run, tí wọn kò sì tí ì fi ojú kan òkun rí. Nítorí náà, bí àwọn òbí bá ń béèrè ibi tí a lè mú ọmọ lọ nígbà ọlidé, níbi tí ariwo kò pọ̀, tí ara yóò sinmi, tí ọkàn pẹ̀lú yóò sì rí nǹkan mú bọ̀, ìlú kan ni mo máa ń dárúkọ fún wọn. Àgbádárìgì ni, èyí tí òyìnbó ń pè ní Badagry.

A kò gbàgbé pé ìpínlẹ̀ wa ní etí òkun tirẹ̀ ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ṣùgbọ́n òkun ti ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, ó ti wó ilé àwọn ènìyàn níbẹ̀. Kì í ṣe olùsinmi ni àwọn ará ibẹ̀ ń wá báyìí bí kò ṣe olùrànlọ́wọ́. Ọ̀nà Àgbádárìgì jìn, òtítọ́ ni. Láti ọ̀dọ̀ wa dé Èkó, ọjọ́ kan ti lọ. Láti Èkó síbẹ̀ sì tó nǹkan bí ọgọ́ta kìlómítà, lójú títì tí ó lọ sí ibodè Sẹ̀mẹ́, èyí tí àtúnṣe rẹ̀ ti gba ọ̀pọ̀ ọdún. Kí arìnrìn-àjò mú sùúrù àti omi mímu lọ́wọ́.

Etí ọ̀sà ni ìlú náà wà, kì í ṣe etí òkun gan-an. Ọ̀sà yìí ti ọ̀nà Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, wá títí dé Èkó, ó sì pa rọ́rọ́ ní òwúrọ̀ débi pé a lè gbọ́ ohùn àjẹ̀ ọlọ́kọ̀ láti òkèèrè. Igi àgbọn ni ó yí gbogbo rẹ̀ ká. Àwọn Ẹ̀gùn ni onílẹ̀, èdè wọn kì í ṣe èdè wa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń kí àlejò, “kuabọ” ni ẹ ó gbọ́ nínú rẹ̀, ẹ ó sì mọ̀ pé a ti jẹ aládùúgbò tipẹ́. Wọ́n ní Zangbeto, ọdẹ òru ìlú, tí a fi koríko bò láti òkè délẹ̀ bí àká tí ń rìn. A kò ní kí onígbàgbọ́ lọ bọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rí i tí ó ń yí bí òòyì kò ní gbàgbé rẹ̀.

Létí ọ̀sà náà ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a ń kà sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, èyí tí Àlúfáà Gollmer ti ìjọ C.M.S. kọ́ ní ọdún 1845. Ṣáájú èyí, ní 1842, Thomas Birch Freeman ti ìjọ Wẹ́sílì àti Henry Townsend ti C.M.S. pàdé ní ìlú yìí, wọ́n sì jọ ṣe Kérésìmesì níbẹ̀. Igi Agia, tí a sọ pé abẹ́ rẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ wàásù ìyìn rere, wó ní ọdún 1959. Òkúta ìrántí ni ó dúró síbẹ̀ nísinsìnyí.

Ṣùgbọ́n ti Àjàyí Crowther ni ó máa ń mú mi dúró pẹ́ jù níbẹ̀. Ní 1821 ni ogun kó o ní Òṣogùn. Ní 1822 wọ́n kó o sínú ọkọ̀ Pọtogí ní Èkó, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1845 ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì gẹ́gẹ́ bí àlùfáà, ó ń lọ sí Abẹ́òkúta. Ṣódẹkẹ́ tí wọ́n gbójú lé ti kú, ọ̀nà kò sì dára. Ó di ọdún kan ààbọ̀ kí wọ́n tó lè gòkè lọ! Ẹ wo ọkùnrin tí ó ti dé ẹnu ọ̀nà ilé, tí kò sì lè wọlé. Kò jókòó lásán, ó ń wàásù, ó sì ń bá iṣẹ́ èdè wa lọ. Ní 1850 ni Ìwé sí àwọn ará Róòmù jáde ní Yorùbá láti ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó sì dé Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, kò pé oṣù kan tí ó fi rí Afala ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí a ti yà wọ́n.

Kò jìnnà sí ilé náà ni a ti ń rí èkejì ọ̀rọ̀ náà: ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti ìdínu irin ní ilé àwọn Mobee, àti àgbàlá Ṣẹ̀ríkí Williams Abass, pẹ̀lú yàrá tóóró tí a ń há àwọn ẹrú mọ́. Ọmọdé ni Abass nígbà tí wọ́n kó o ní Ìjógà-Òrílé. Wọ́n tà á, ó dé Bùràsílì, ó padà wálé, òwò tí a fi òun tìkára rẹ̀ ṣe náà ni òun pẹ̀lú sì dì mú. Ìjọba òyìnbó fi í ṣe olórí agbègbè. Ó kú ní 1919. Àwọn òbí kan máa ń fo ibi yìí fún àwọn ọmọ wọn. Ní tèmi, wọn kò ṣe é re. Ó rọrùn láti wí pé òyìnbó kó wa lọ, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó gbọ́n yóò béèrè ẹni tí ó mú wọn wá sí etí omi. Nínú àwọn tí ó kó Òṣogùn pàápàá, ọ̀pọ̀ ni ó gbọ́ èdè kan náà pẹ̀lú Àjàyí. Kí bàbá tàbí ìyá jókòó lórí pèpéle kan nínú àgbàlá náà, kí ó sì dáhùn.

Lẹ́yìn èyí ni kí a wọ ọkọ̀ lọ sí Gbẹ́rẹ́fù, erékùṣù iyanrìn tí ó wà láàárín ọ̀sà àti òkun. Kí olúkúlùkù wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan la inú igi àgbọn kọjá. Ọ̀nà tí a ń kó àwọn ẹrú gbà nìyẹn. Kànga kan wà lójú ọ̀nà, tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ pé a máa ń fún wọn mu nínú rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Lẹ́yìn náà igi tán, iyanrìn funfun bẹ̀rẹ̀, ariwo òkun sì bo ohùn gbogbo. Àwọn ọmọ yóò sáré. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sáré. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n lúwẹ̀ẹ́ o, nítorí omi ibẹ̀ máa ń fa ènìyàn láti ìsàlẹ̀, kò sì jọ odò Ọ̀sẹ́.

Kí ẹ padà sí èbúté kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn obìnrin erékùṣù náà ń ta àgbọn tútù níbẹ̀. Wọn yóò bẹ́ ẹ fún yín, ẹ ó sì mu ún lórí ìdúró, kí ọlọ́kọ̀ tó pè.